Ẹ tẹ́ ẹní fún un: bí a ṣe ń ran ọrùn ọmọ jòjòló lọ́wọ́ kó le

Ní agbo ilé wa ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, bí obìnrin bá bímọ, ọmọ náà kì í kan ilẹ̀. Ìyá àgbà gbé e, àbúrò ìyá gbà á, ọmọ ilé-ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á ju àpò rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á ní òun náà fẹ́ gbé e. Bí ọwọ́ gbogbo wa bá dí, ọ̀já ti wà nílẹ̀, a ó gbá a mọ́ ẹ̀yìn. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, n ò sì ní kí ẹnikẹ́ni dín in kù. Ohun tí mo máa ń bi àwọn ìyá ìkókó tó bá wá bá mi ni pé: ọmọ tí gbogbo ilé ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ni yóò rí àyè gbé orí ara rẹ̀?

Ọmọ mi kejì ló kọ́ mi. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta kí n tó ṣàkíyèsí pé apá ọ̀tún nìkan ló máa ń wò. Bí mo bá pè é láti òsì, ẹyinjú rẹ̀ á yí, ọrùn rẹ̀ ò ní tẹ̀ lé e. Mo fọwọ́ pa ẹ̀yìn orí rẹ̀, apá ọ̀tún ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, obìnrin tó ń gún wọn lábẹ́rẹ́ wò ó, ó sì bi mí ní ibi tí mo ń tẹ́ ẹ sí lálẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni. Ògiri wà lósì rẹ̀, èmi àti fèrèsé wà lọ́tùn-ún. Kí ni ọmọ fẹ́ máa wò lára ògiri? Ó ní kí n máa pààrọ̀ ibi tí mo ń kọ orí rẹ̀ sí, lónìí síhìn-ín, lọ́la sọ́hùn-ún, kí n sì máa dà á dé ikùn lórí ẹní lójú ara mi lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lóòjọ́. Kò tó oṣù méjì tí ọrùn náà fi gún. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ ẹní fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọrùn náà?

Bí ẹ bá wọn ọmọ tuntun láti àtàrí dé gìgísẹ̀, orí nìkan ló kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹrù ńlá nìyẹn fún ọrùn tí kò gbé nǹkan kan rí, tó jẹ́ pé inú omi ló ti ń léfòó fún oṣù mẹ́sàn-án. Agbára kì í sì í wọ ara ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti òkè ló ti ń sọ̀ kalẹ̀: ọrùn ni àkọ́kọ́, èjìká tẹ̀ lé e, apá, ẹ̀yìn, ìbàdí, kó tó wá kan ẹsẹ̀. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ò tíì dúró, tí a gbé jókòó tipátipá, àwa là ń jókòó fún un.

Ní ọdún 1976, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Charles Super kọ̀wé nípa àwọn ọmọ Kipsigis ní Kẹ́ńyà. Àwọn ìyá ibẹ̀ máa ń dìídì kọ́ ọmọ ní jíjókòó àti rírìn, bíi tiwa gan-an. Ó rí i pé àwọn ọmọ náà ń tètè jókòó, wọ́n sì ń tètè rìn ju àwọn ọmọ Amẹ́ríkà lọ, nǹkan bí oṣù kan. Ṣùgbọ́n nínú rírá, tí ẹnikẹ́ni kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn, wọn ò yá jù wọ́n lọ. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gidigidi, torí ó tú àṣírí àwa náà. À ń kọ́ ọmọ ní jíjókòó, à ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ fún un. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà gan-an, tí í ṣe orí ẹní, la fò dá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: àyà yín ni ẹní àkọ́kọ́

Láti ọjọ́ tí ẹ bí i lẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan, kí ara yín dà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ má nà gbalaja. Ẹ tẹ́ ọmọ sí àyà yín, ikùn rẹ̀ sí ikùn yín, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀. Ojú ọmọ tuntun kì í ríran jìnnà, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ló ti ń rí nǹkan dáadáa, ibi tí ojú yín wà gan-an nìyẹn bó bá wà láyà yín. Ẹ pe oríkì rẹ̀. Àjàní ni o, Àbẹ̀kẹ́ ni o, ẹ pè é, kí ẹ tún un pè. Ohùn yín ló máa wá, orí ló sì máa gbé láti wá a.

Bí oorun bá ń kùn yín, ẹ gbé e kúrò láyà, ẹ tẹ́ ẹ sí ibùsùn tirẹ̀. Bí ẹ bá sì ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíì ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ yìí, ọwọ́ kan lábẹ́ ọrùn àti ẹ̀yìn orí, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹní nílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìyá, ọkàn wọn kì í balẹ̀ láti fi ikùn ọmọ lélẹ̀ títí ìwọ́ yóò fi já. Kò burú, ẹ lo àyà yín títí dìgbà náà.

Ilẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ ẹní sí, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Fóòmù máa ń rì, ó lè bo ọmọ nímú, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní rí ibi le tí yóò fi tì. Ẹ gbálẹ̀ dáadáa, ẹ wo èèrà, ẹ lé adìyẹ jáde. Ẹ tẹ́ ìró kan lé ẹní, kó nà, kó má ṣe ká jọ.

Àkókò tó dáa jù ni ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ìdí rẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú tán, ẹ jẹ́ kó tó nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó rí wàrà lórí ẹní. Bí ẹ bá ti dà á dé ikùn, ẹ fa apá rẹ̀ méjèèjì síwájú kí ìgúnpá wà lábẹ́ èjìká; bí apá bá há sábẹ́ ara, kò ní lè gbé ohunkóhun. Fún ọmọ tí kò tíì lágbára, ẹ ká aṣọ ìnura kékeré bí ẹni ká òṣùká tí a nà, kí ẹ fi sábẹ́ àyà rẹ̀, ní abíyá. Ìyẹn máa ń gbé àyà sókè díẹ̀, orí á sì fúyẹ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀. Ẹ má dúró kí ẹ máa wò ó láti òkè.

Ẹ wò ó dáadáa, torí ohun tó ń ṣe kéré lójú, iṣẹ́ ńlá ni. Imú rẹ̀ á kọ́kọ́ wà lára aṣọ. Á yí i sápá kan kó lè mí. Lẹ́yìn náà iwájú orí á hunjọ, etí á pọ́n, àtàrí á kúrò nílẹ̀ bí ìka méjì, orí á máa gbọ̀n lọ́tùn-ún lósì bí igbá lórí omi. Á wò yín fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Orí ti tún balẹ̀. Ẹ kí i. Ẹ ní “o kú iṣẹ́, o kú agbára”. Ẹni tó gbé ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni tí a ń kí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó bá ṣe ìṣẹ́jú kan péré, ó tó. Ẹ mú un dé ìṣẹ́jú 3 sí 5, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí ẹ máa fi kún un bó ṣe ń dàgbà. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 fún ọmọ tí kò tíì máa rá ni pé kí àpapọ̀ àkókò tó fi ń wà lórí ikùn lójú mọ́mọ́ má dín ní ìṣẹ́jú 30 lóòjọ́. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni. Kò sí ìyá tí kò ní ìṣẹ́jú márùn-ún, pàápàá bí ẹ bá fi bá iṣẹ́ yín rìn. Nígbà ẹ̀pà, tí gbogbo wa bá jókòó yí agbọ̀n ká tí à ń fọ́ ọ, mo máa ń tẹ́ ẹní ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ẹ kàn jẹ́ kí ẹ̀pà jìnnà sí i, nítorí ọmọ tó ti mọ ọwọ́ nà á gbé e sẹ́nu, ẹ̀pà kan ṣoṣo sì tó láti dí ọ̀nà ọ̀fun.

Ìkùnsínú yàtọ̀ sí ẹkún. Bó bá ń kùn, tó ń ṣe “ẹ̀n, ẹ̀n”, iṣẹ́ ló ń ṣe, ẹ dúró tì í. Bó bá ti di ẹkún, ẹ gbé e, ẹ rẹ̀ ẹ́, ẹ óò tún un ṣe tó bá yá. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Fún ohun tí yóò máa wò, ẹ má náwó. Ọmọ kékeré fẹ́ràn ohun tó dúdú tó sì funfun, àdìrẹ ìyá àgbà tó wà nínú àpótí ju ohun ìṣeré olówó iyebíye lọ. Dígí kékeré tí kò lè fọ́, ṣíbí méjì tí ẹ fi ń lu ara wọn, ṣaworo. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan náà díẹ̀díẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún kí ọrùn lè yí tẹ̀ lé e.

Ohun kan wà tí n kò gba àdínkù lórí rẹ̀. Lójú ẹni tó ń ṣọ́ ọ nìkan lọmọ ń fi ikùn lélẹ̀. Bó bá sùn lọ, ẹ yí i sí ẹ̀yìn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ni ọmọ ń sùn sí, lóru àti lọ́sàn-án, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ tó dì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kú sójú oorun láìsí àìsàn dín kù gan-an ní àwọn ìlú tí wọ́n ti ń tẹ́ ọmọ sẹ́yìn láti àwọn ọdún 1990 wá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwẹ̀ ọmọ, ohun tí a ó dì mú àti ohun tí a ó fi sílẹ̀

Ìwẹ̀ ọmọ lọ́dọ̀ wa kì í ṣe omi àti ọṣẹ nìkan. Ìyá àgbà á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sí itan, á fi kànhìnkànhìn fọ̀ ọ́, á fi òrí tàbí àdí pa á, á nà án. Ìmọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fi òrí pa ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn sí ìbàdí. Ẹ mú apá méjèèjì kọjá ara wọn láyà, kí ẹ sì ṣí wọn, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ ká orúnkún sí ikùn, kí ẹ nà án, láìfi agbára. Ibi tó bá ti kọ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Bó bá wà lórí itan ní ìdákùnbolẹ̀ tí ẹ ń bu omi sí i lẹ́yìn, ọrùn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹni tó ronú rẹ̀ gbọ́n.

Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Gbígbé ọmọ sókè ní orí nìkan, kí ọwọ́ méjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú kí ara máa rọ̀ dirodiro, kì í jẹ́ kí ọrùn gùn tàbí kó le. Oríkèé àti iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì ló ń fà. Sísọ ọ́ sókè kí a tún hán an, àti mímì í jìgìjìgì kó má baà máa bẹ̀rù, lè mú kí ọpọlọ gbá ara eegun orí, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ já nínú rẹ̀. Ọmọ náà lè má ní ọgbẹ́ kankan níta. Fífi apá kan ṣoṣo gbé e lè yẹ ìgúnpá. Gbígbá omi sí i lẹ́nu lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ gbígbóná lórí àwùjẹ, rárá: awọ ló wà níbẹ̀, eegun ò tíì pàdé.

Mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá àgbà ló ń le. Kétu la wà, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí a ti ń jó láti fi yẹ́ àwọn ìyá sí. A kì í ko ìyá lójú pé ohun tó fi ogójì ọdún ṣe kò dáa. Èyí tí mo sọ fún ìyá ọkọ mi nìyí: “Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ bá mi fi òrí pa á lẹ́yìn, ọwọ́ yín ló mọ̀ ọ́n pa. Ti gbígbé lórí yẹn, wọ́n ní nílé ìwòsàn pé ká fi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹní rọ́pò rẹ̀.” Wọ́n ní wọ́n ṣe é fún ọkọ mi, kò sì kú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọpẹ́ ni. Mo tẹ́ ẹní. Nígbà tí wọ́n rí i tí ọmọ gbé orí tó wò wọ́n, àwọn fúnra wọn ló ń rán mi létí ẹní lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ̀yìn àti ọ̀já

Ẹ̀yìn ìyá dára fún ọmọ. Bí ẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹ ń yí, ọmọ tó lajú sílẹ̀ ń fi ọrùn wá ìdúró. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ yín méjèèjì, kí orúnkún ga díẹ̀ ju ìdí lọ. Ìdúró yìí dára fún oríkèé ìbàdí. Bí ọrùn ò bá tíì dúró, kí aṣọ ìpọnmọ ga dé ẹ̀yìn orí, kí ojú rẹ̀ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí imú sì rí afẹ́fẹ́. Ẹ máa fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì jẹ́ kó máa kọjú sí apá kan náà nígbà gbogbo.

Ti zémíjàn, alùpùpù tó ń kó èrò, ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Àwọn ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó lọ sí àwọn abúlé wa, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbọn ènìyàn. Ọmọ tí kò tíì gbé ọrùn dúró, tí ó sùn lẹ́yìn yín lórí alùpùpù, gbogbo kòtò ló ń mi orí rẹ̀. Bí ìrìn náà bá lè dúró, ẹ jẹ́ kó dúró. Bí kò bá lè dúró, ẹ sọ fún awakọ̀ kó rọra, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn orí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí òsì àti ọ̀tún dọ́gba

Èyí ni mo fi ọmọ kejì kọ́, mo ti sọ ọ́. Ẹ pààrọ̀ ibi tí orí ń kọ sí lálẹ́, ẹ pààrọ̀ apá tí ẹ fi ń gbé e, ẹ pààrọ̀ ọmú. Bó bá ń wo apá kan ṣáá, ẹ jókòó sí apá kejì kí ẹ máa pè é. Ẹ má fi ọwọ́ lọ́ ọrùn rẹ̀ tipátipá. Bó bá le koko tí kò fẹ́ yí, tàbí tí ẹ fọwọ́ kan kókó kan nínú iṣan ọrùn náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Láti oṣù mẹ́rin lọ

Ní nǹkan bí oṣù méjì, ọmọ máa ń gbé orí dúró díẹ̀ lórí ẹní. Ní oṣù mẹ́rin, orí á ti dúró gbọn-in bí ẹ bá gbé e, á sì máa fi ìgúnpá ti ara rẹ̀ sókè. Bí oṣù mẹ́fà, ọwọ́ á nà tán, á máa yí láti ikùn sí ẹ̀yìn. Nígbà yẹn, ẹ gbé ohun tó fẹ́ràn sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, kí ẹ má sì yára gbé e fún un. Jíjìnnà díẹ̀ yẹn ló ń kọ́ ọ láti yí, láti wọ́, láti rá.

Fún jíjókòó, ẹ fi í sáàárín ẹsẹ̀ yín lórí ẹní, tàbí nínú ọpọ́n tí ẹ fi ìró yí i ká, fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn tí ọrùn bá ti dúró. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ márùn-ún, Gánà tó wà nítòsí wa jẹ́ ọ̀kan, fi hàn pé ọmọ tó lára le lè jókòó fúnra rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù 4 títí dé 9, kó sì rìn láìdi nǹkan mú láti nǹkan bí oṣù 8 títí dé 17 àti ààbọ̀. Nǹkan bí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò tiẹ̀ rá lórí ọwọ́ àti orúnkún rárá kí wọ́n tó rìn. Nítorí náà, bí ọmọ aládùúgbò bá ti ń rìn, ẹ bá wọn yọ̀, kí ẹ fi tiyín sílẹ̀ kó tẹ̀síwájú ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ìkọ́rìn tí wọ́n ń pè ní youpala, ẹ má rà á. Kì í jẹ́ kí ọmọ tètè rìn. Ó máa ń gbé e sáré dé ìdí ààrò, dé ẹnu àtẹ̀gùn, kí ìyá tó yíjú. Ilẹ̀ Kánádà ti fòfin de títà rẹ̀ láti ọdún 2004.

Ìgbà tí ẹní nìkan ò tó

Bí wọ́n bá bí ọmọ ṣáájú oṣù rẹ̀, láti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i ni kí ẹ ti ka oṣù, kì í ṣe láti ọjọ́ tó dé. Ọmọ tí kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, tàbí tí ibà pọ́njú mú un gidi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ ju àwọn yòókù lọ, torí méjèèjì lè fọwọ́ kan ọpọlọ.

Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn bí oṣù mẹ́rin bá pé tí orí ṣì ń ṣubú sẹ́yìn. Bí ara rẹ̀ bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí aṣọ tutù, tàbí tó le gan-an tí ẹsẹ̀ ń kọjá ara wọn bí ẹnu ṣísọ́ọ̀sì. Bí ọwọ́ kan bá ń ṣiṣẹ́ tí èkejì di ẹ̀ṣẹ́ nígbà gbogbo. Bí ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí gìrì bá mú un, tí àwùjẹ bá wú sókè, tàbí tó kọ ọmú, ọjọ́ náà gan-an ni, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà. Kì í ṣe àbíkú, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè ṣe púpọ̀ sí i.

Ẹ mú ìwé ìlera ọmọ, carnet, dání, kí ẹ ti kọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé orí, ọjọ́ tó kọ́kọ́ yí, sí i. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá dára láti béèrè, ẹ má jẹ́ kí èrò tó pọ̀ mú yín dákẹ́. Láti Kétu wọ́n lè ní kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Pobẹ̀, tàbí kí wọ́n darí yín sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún iṣan àti oríkèé ṣe, kinésithérapeute. Bí wọ́n bá kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó máa bá ọmọ ṣe nílé, ẹ ní kí wọ́n ṣe é lójú yín, kí ẹ̀yin náà ṣe é lójú wọn, lórí ẹní, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.